Bó o ṣe máa yan táyà fún drift (ìyẹn kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń wà á lọ), tó bá jẹ́ táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ ń yí

Iwájú ni kó o kọ́kọ́ náwó sí o, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ ra táyà olówó ńlá sẹ́yìn, tí wọ́n á wá fi èyí tó ti gbó síwájú, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Táyà iwájú ló ń darí ọkọ̀ nígbà tí ìdí ẹ̀ bá ti yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, tí kò bá wá di ilẹ̀ mú, wàá kàn máa yí sítíárìn lásán ni, ibi tó bá wu ọkọ̀ ló máa gbé ẹ lọ.

Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wàá rí TREADWEAR àti nọ́ńbà kan níwájú ẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni rọ́bà ẹ̀ sábà máa ń rọ̀ tó, á di ilẹ̀ mú dáadáa àmọ́ á tètè jẹ. Wá nǹkan bíi 200 síwájú. Ẹ̀yìn, 300 sí 500 ti dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún táyà ẹ̀ ní nọ́ńbà yìí fúnra ẹ̀, torí náà 300 tibí lè má rí bíi 300 tọ̀hún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ro ti agbára ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá lágbára, má fi táyà tó fẹ̀ sẹ́yìn rárá, torí kò ní yọ̀, wàá kàn máa fìyà jẹ kílọ́ọ̀ṣì ni. Táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 195 á ṣe ẹ́ lóore ju ti 225 lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá lágbára gan-an, ìgbà yẹn lo tó nílò táyà ẹ̀yìn tó fẹ̀ tó sì ń di ilẹ̀ mú, kí ọkọ̀ lè máa sún síwájú, kó má kàn máa rú èéfín lójú kan. Kí méjèèjì ẹ̀yìn jẹ́ irú kan náà, sáìsì kan náà.

Tó bá jẹ́ àlòkù lo fẹ́ rà, wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó o wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà: 1422 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2022. Fi èékánná àtàǹpàkò tẹ rọ́bà ẹ̀ wò, tó bá le gbagidi, á ṣì ṣeé lò lẹ́yìn, àmọ́ má gbé e síwájú láé. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá ti sán tàbí tó wú kókó, fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Tó o bá ti dè é tán, yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kó o rí i pé táyà ò ha ara ọkọ̀. Ìgbà tí táyà bá tutù ni kó o wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ níwájú pẹ̀lú iye tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, fi bíi 5 psi kún tẹ̀yìn, àmọ́ má kọjá iye tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sára táyà o. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, táyà lè bọ́ kúrò lára rímù níbi tó o ti ń yọ̀ lọ.

Orí pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nìkan ni kó o ti ṣe é, má ṣe é lójú títì. Gbé táyà ẹ̀yìn méjì mí ì dání pẹ̀lú rímù wọn, àti jáàkì, kó o sì máa bẹ̀rẹ̀ wo táyà ní gbogbo ìgbà tó o bá dúró, pàápàá etí ẹ̀ tinú tí ojú ò tètè rí. Tí wáyà bá ti yọjú báyìí, tú u kúrò níbẹ̀ yẹn, má fi wa ọkọ̀ relé.