Ọmọṣẹ́ ní ó yé òun, síbẹ̀ ó gé aṣọ ṣì: ohun tó bá mi tún un ṣe

Ọmọṣẹ́ mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Fún bí oṣù mẹ́ta, ọ̀tọ̀ lohun tí mo bá ní kí wọ́n gé, ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n ń gé. Màá ṣàlàyé tán, màá ní, "Ṣé ó yé yín?" Wọn á ní, "Ó yé wa, mà." Kí n tó ti ọjà dé, aṣọ oníbàárà ti bàjẹ́.

Mo pariwo, ẹ̀rù mi túbọ̀ ń bà wọ́n ni. Mo kọ ìwọ̀n mọ́ ògiri, wọn ò wò ó.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gé gáùn léèsì ní ínṣì 48 dípò 58. Mo pe ẹni tó gé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rọra bi í. Ó ní òun ò gbọ́ iye náà dáadáa, ẹ̀rù ló ba òun láti tún bèèrè. Ó dùn mí gan-an, torí ariwo mi ló kọ́ wọn láti máa dákẹ́.

Láti ìgbà yẹn, mi ò bèèrè bóyá ó yé wọn mọ́. "Sọ bí o ṣe máa gé e fún mi" ni mò ń sọ. Ẹni tó máa gé e gan-an ló máa sọ ọ́, pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ. Bó bá ṣì í, mi ò ní bínú, màá tún àlàyé mi ṣe.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, aṣọ kan péré la tún gé ṣì. Ó lè má rọrùn níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀ ju tiwa lọ.