Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ Nínú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ilé-Ìwé, àti Ohun tí Kò Yẹ kí Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Ṣe

Nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọbìnrin kan gbé wá bá mi ní Táńkẹ̀, ní ìlú Ìlọrin, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, mo bá gbólóhùn kan pàdé tí mo ti rí ní àìmọye ìgbà: "My uncle learned me mathematics." Báírò pupa wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò tètè fagi lé e, nítorí pé bí mo bá fagi lé e lásán, irú rẹ̀ mìíràn ni yóò kọ wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ó mọ̀ pé "learn" ni kọ́, kò sì parọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé kọ́ ti Yorùbá ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà fún ọ̀rọ̀ méjì. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà níhìn-ín ni ó ti orísun yìí ṣàn wá: a ń há ọ̀rọ̀ sórí ní méjì-méjì, Gẹ̀ẹ́sì kan, Yorùbá kan, láì wo gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé inú rẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe lo "learn" fún iṣẹ́ ẹni tí ń kọ́ni. Bí a bá fetí sílẹ̀ dáadáa, Yorùbá fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọ̀nà hàn wá. Nígbà tí a bá ní "Bùrọ̀dá kọ́ mi ní ìṣirò", ọ̀rọ̀ kékeré náà, ní, ni ó tẹ̀ lé ẹni tí a kọ́. Nígbà tí a bá sì ní "mo kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ Bùrọ̀dá", lọ́wọ́ ni ó wọlé. Níbi tí ní bá wà, "teach" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Níbi tí lọ́wọ́ bá wà, "learn from" ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú yá. "Yá mi ní báírò rẹ" ni "lend me your biro". "Mo yá báírò lọ́wọ́ rẹ̀" ni "I borrowed a biro from him". "Borrow me your biro", tí a ń gbọ́ nínú kíláàsì láti Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, lè yé ẹni tí ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe máàkì ìdánwò kò ní tìtorí pé ó yé òun kí ó fún ọmọ ní máàkì. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì fa ìlà sí abẹ́ ní tàbí lọ́wọ́ kí wọ́n tó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùkọ́ kan kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ máa fi Gẹ̀ẹ́sì ronú. Èmi ti rí i pé ọmọ tí ó bá fa ìlà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé etí rẹ̀ ti gbà á.

Kàwé náà gbòòrò ju "read" lọ. Ọmọ tí ó fi gbogbo òru yanjú ìṣirò lórí pépà yóò sọ fún ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀ pé òun kàwé mọ́jú, ìyá rẹ̀ kò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n "read" ni kí a fi ojú tẹ̀ lé ohun tí a kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe, "study" ni. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí bá lọ́yà tí ó bá ní òun "read law" ní yunifásítì jà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Revise" tún ní tirẹ̀: lọ́dọ̀ wa àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtúnkà ṣáájú ìdánwò ni, ní Amẹ́ríkà, kí a tún ohun tí a ti kọ ṣe ni ó túmọ̀ sí, "review" sì ni wọ́n ń pe àtúnkà.

Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀ padà nítorí pé ohun tí a ń sọ pọ̀: ìwé kan, ìwé mẹ́ta, àwọn ìwé. Ọmọ tí a bá ti wí fún pé "s" ni àwọn yóò wá máa lẹ "s" mọ́ ohun gbogbo tí ó bá bá pàdé. "Homeworks", "furnitures", "equipments", "informations", "advices": ẹyọ kan kò tọ́ nínú wọn. Iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́ta ni "three pieces of homework", tàbí "three assignments", nítorí pé "assignment" ṣeé kà ní oókan. Ẹfun ìkọ̀wé méjì sì ni "two pieces of chalk". Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, tí wọ́n fi lẹ́tà pupa gàgàrà kọ "STATIONARIES" sí pátákó rẹ̀. Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí: ohun èlò ìkọ̀wé ni "stationery", tí ó ní "e" bíi ti "envelope", kì í sì í gba "s"; "stationary" ni ohun tí ó dúró sójú kan. Àràárọ̀ ni àwọn ọmọ ń kà á wọlé, wọ́n sì ń kà á jáde ní ọ̀sán.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí àbùkù lára wọn nílé, àfi bí wọ́n bá kọjá odò. Bí ènìyàn bá kọ sínú ìwé tí ó ń fi ránṣẹ́ sí yunifásítì òkè òkun pé òun "passed out" ní ọdún 2019, ẹni tí ó gbà á lè rò pé ó dákú ni. "Graduated" tàbí "finished school" ni kí ó kọ. "Passing out parade" tí àwọn agùnbánirọ̀ ń ṣe tọ́ ní tirẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ológun ni, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ó sì ti wá. Kí a tún ṣọ́ra fún "college": ilé-ìwé girama púpọ̀ ni ó ń jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì ni yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà máa ń fi orúkọ náà pè. Ní ti "public school", ilé-ìwé ìjọba ni lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-ìwé olówó gọbọi bíi Eton, tí Ọba Henry Kẹfà dá sílẹ̀ ní ọdún 1440, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Cleaner" tí àwọn ọmọ wa fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, òṣìṣẹ́ tí ń gbálẹ̀ ni níbòmíràn. "Eraser" ni kí wọ́n máa pè é.

Ó ku ìró ọ̀rọ̀. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní, kò sì sí c, q, v, x tàbí z nínú wọn, nítorí náà ni ẹnu wa fi ń mú èyí tí ó sún mọ́ ọn: "ch" di ṣ, "z" di s, "v" di f, "th" sì di t tàbí d. Lọ́jà, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú kíláàsì, "cheat" yóò di "sheet", "chair" yóò di "share", bẹ́ẹ̀ sì ni apá kan wà nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC tí ó dá lórí ìró nìkan. Àṣìṣe tiwa olùkọ́ ni pé a máa ń pariwo "three! three!" lé ọmọ lórí, tí òun náà á máa dáhùn pé "tíríì! tíríì!", láì fi ibi tí ó yẹ kí ahọ́n wà hàn án.

Bẹ́ẹ̀, ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ ibẹ̀ láti ilé-kéwú. Èyí tí ààfáà rẹ̀ bá fi òfin tajwīd, ìyẹn òfin bí a ṣe ń pe lẹ́tà Àlùkùráánì bí ó ti yẹ, kọ́ ní Àlùkùráánì ti mọ bí a ṣe ń yọ orí ahọ́n sí àárín eyín nítorí lẹ́tà ث, òun sì ni "th" inú "three". ذ ni ti "this". ز sì ni ìró tí ó parí "quiz". Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tí ó ti gbà fún Ọlọ́run pé òun kò lè pe "maths" láéláé. Mo ní kí ó ka Sūratul-Kawthar fún mi. Bí ó ti dé orí "kawthar", orí ahọ́n rẹ̀ yọ láàárín eyín. Mo ní kí ó dúró, kí ó má gbé e kúrò níbẹ̀, kí ó wá pe "maths". Ó pè é, ó sì rẹ́rìn-ín.

Lárúbáwá kò ní "v", nítorí náà ìyẹn kò rí ìrànlọ́wọ́ gbà láti ilé-kéwú. A gbọ́dọ̀ gbé eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ pe f, kí a sì jẹ́ kí ohùn ti ọ̀fun wá. Ọmọ náà ń fi ìka méjì kan ọ̀fun rẹ̀ báyìí nígbà tí ó bá ń pe "vowel", kí ó lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n, f ni ó pè, á sì tún un pè.