POP Tí Wọ́n Fi Di Itan Tanímọ̀la

Owó tí mo kọ́kọ́ ná lórí ẹsẹ̀ Tanímọ̀la, ajá mi, ìpalára ni mo fi rà, ó sì ń dùn mí dọ́kàn títí di òní. Ọkọ̀ ló gbá a ní ojú títì tó ti Ọ̀fà lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, egungun itan rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Ẹni tí mo gbé e lọ bá, tó pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹranko, kàn fọwọ́ tẹ itan náà ni. Kò ní kí a ya àwòrán egungun, ó fi POP, ìyẹn báńdéèjì ẹfun tó máa ń le gbagidi, dì í láti ọmọ ìka dé agbedeméjì itan, ó gba owó, ó sì ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀.

Bẹ́ẹ̀ POP kọ́ ni ìtọ́jú egungun itan. Kí egungun tó lè so, oríkèé tó wà lókè ibi tó ti ṣẹ́ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mira, POP kò sì lè di oríkèé ìbàdí ajá. Ńṣe ni ìwúwo rẹ̀ ń fa ojú ibi tó ṣẹ́ náà sísàlẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbóòórùn ohun tó ń kẹ̀. Nígbà tí dókítà mìíràn ní Ìlọrin gé POP náà kúrò, egbò ti jẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ wọnú, itan ti rù, orúnkún sì gan pátápátá.

Wọ́n ya àwòrán, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin sínú egungun. Ìyẹn lọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni egungun ajá tó ti dàgbà sábà máa ń gbà kó tó so, tiwa náà sì so. Orúnkún ló dá wa dúró, torí pé ẹran iwájú itan ti lẹ̀ mọ́ egungun. Dókítà náà sì sọ fún mi pé àwọn ajá mìíràn wà tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ wọn nítorí irú èyí.

Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, mo ń fi aṣọ ìnura tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé itan náà, èmi a wá rọra ká orúnkún dé ibi tó bá ti kọ̀, mi ò ní jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Tanímọ̀la a yí orí padà, a fi ẹnu mú ọrùn ọwọ́ mi láìgé mi jẹ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Aládùúgbò kan tilẹ̀ ní kí n tà á fún àwọn tó ń wá ajá Ògún, ọ̀rọ̀ náà sì bí mi nínú gidigidi. Èékánná ẹsẹ̀ náà ló kọ́kọ́ fún mi ní ìrètí: ó ti gùn ju ti àwọn yòókù nítorí pé kì í kan ilẹ̀, ìgbà tí mo sì rí i pé ṣóńṣó rẹ̀ ti ń jẹ, mo mọ̀ pé ajá mi ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ti ń sáré báyìí, orúnkún náà sì ń ká, bí kò tilẹ̀ tó ti ìkejì. Mo yangàn lórí iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí ajá rẹ̀ bá ṣẹ́ nítan, kó má gba POP, kó ní kí wọ́n ya àwòrán egungun. Fásitì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa gba ìméfò. Bí wọ́n bá fi POP di ibòmíràn, kó máa gbóòórùn rẹ̀ láràárọ̀, kó sì wo ọmọ ìka bóyá ó wú. Kó má fún un ní ibuprofen, oògùn ìrora tí àwa ènìyàn ń lò, torí ó ń dá egbò sínú ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ní ti ẹni tó di POP àkọ́kọ́, mo padà lọ bá a pẹ̀lú àwòrán náà lọ́wọ́. Kò dá kọ́bọ̀ padà.