Ẹ Máa Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Hàn Déédéé
Ẹ̀yin afíngbá, oníṣọ̀nà awọ àti agbẹ́lù ìlú Ọ̀yọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi mí, ẹ jẹ́ kí n dá àbá kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí ya fọ́tò iṣẹ́ títí oníbàárà yóò fi gbé e lọ. Ẹni tó ń kọjá ní ọjà Akẹ̀sán lè rí igbá fínfín lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù ìyàwó mọ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó kò lè mọ̀ pé a wà, àwòrán tó sì rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá fẹ́ rajà.

Lójú tèmi, kí a máa gbé àwòrán iṣẹ́ wa sórí ẹ̀rọ ayélujára lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ má ṣe dúró de iṣẹ́ tó parí nìkan: ẹ jẹ́ kí wọ́n rí igbá kí ọ̀bẹ tó kàn án, kí wọ́n sì rí bí awọ ewúrẹ́ ṣe ń gbẹ lójú ìlù, nítorí pé ẹni tó bá rí làálàá inú iṣẹ́ kì í sábà bá wa fa owó púpọ̀. Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ náà níta ní òwúrọ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì kọ iye owó rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí a gbé sí status WhatsApp máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà, ẹ tún gbé e sí Facebook. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí oníbàárà fẹ́ fi ta ẹnìkan lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ rẹ̀.