Ta ni onígbèsè bí ẹ bá dòwò pọ̀?

Oṣù kan lẹ́yìn tí mo kúrò nínú òwò tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń ṣe, ó ra ọjà àwìn lórúkọ wa. Ẹnu ọ̀nà tèmi ni olówó wá.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni òfin ilẹ̀ tí òwò yín wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin òwò àjọṣe ti ọdún 1890 kò ka irú òwò bẹ́ẹ̀ sí ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin. Ẹ̀yin gan-an ni òwò náà, gbèsè rẹ̀ sì lè kan ilé tí ẹ ń gbé. Òfin yẹn kan náà ló ní ẹni ọ̀tọ̀ ni ní Scotland o! Ní Faransé, ọjọ́ tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló di ẹni lójú òfin. Ẹ má tíì máa jó: nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní SNC (société en nom collectif, òwò àjọṣe tí gbogbo yín jọ ń ru gbèsè rẹ̀), bí òwò kò bá rí gbèsè san, ọ̀dọ̀ yín ni olówó ń bọ̀.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Láìsí i, ọgbọọgba ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń pín èrè, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ dá owó jù.

Bí ẹ bá ń kúrò, ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ń bá yín dòwò. Èmi ò kọ ọ́.