Àwọn Àṣìṣe Tó Máa Ń Ba Ẹ̀kọ́ Orí Ẹ̀rọ Jẹ́ Nílé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Bí owó bá ti wọlé fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn aláṣẹ lọ́kàn ni kí wọ́n ra tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á pe àwọn òbí, wọ́n á ya fọ́tò, inú àwọn ọmọ á dùn. Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan: òmíràn ti kú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, bátìrì òmíràn ò gba iná mọ́, àwọn tó sì kù ni wọ́n fi ń tan àwọn ọmọ jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Èmi ò sọ pé ẹ̀rọ ò wúlò o. Ó wúlò gan-an níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, orísun kan náà ni wọ́n ti ń wá: a ti jẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ tó yẹ kí ọpọlọ ọmọ máa ṣe.

Ríra ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ fi kọ́

Lọ́dún 2005 ni Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, kéde ètò One Laptop per Child, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan láwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ sí ní kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè Peru gba ètò náà tọwọ́tẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà lé ní 800,000. Nígbà tó di ọdún 2012, àwọn olùwádìí gbé èsì jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ 319 ní ìgbèríko ibẹ̀. Lóòótọ́ àwọn ọmọ ń lo kọ̀ǹpútà gan-an, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú àwọn ìdánwò kan tó jẹ mọ́ ìrònú. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò àti èdè, wọn ò yàtọ̀ sí àwọn ọmọ tí ètò náà ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ ti dé ọwọ́ ọmọ, àmọ́ ìtọ́sọ́nà tí olùkọ́ rí gbà lórí bí yóò ṣe so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ kò tó nǹkan.

Ẹ fi wé èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Delhi ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Àwọn ọmọ tibẹ̀ dàgbà díẹ̀ ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Púpọ̀ nínú wọn ló wà ní kíláàsì tí ìmọ̀ wọn ò tíì dé. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Mindspark kọ́kọ́ wá ibi tí ìmọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kò tó oṣù márùn-ún tí ìyàtọ̀ fi hàn nínú ìṣirò àti èdè Híńdì. Ọdún 2019 ni ìwádìí náà jáde. Níbi méjèèjì, ẹ̀rọ wà. Àmọ́ ti Delhi ní ìṣòro kan pàtó tó wá yanjú, ìṣòro tí olùkọ́ kan níwájú ogójì ọmọ kò lè dá yanjú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lásán.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ọmọ mọ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí àpẹẹrẹ: "Bó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á lè ṣàlàyé ìdí tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fi ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ." Ẹ wá bi ara yín bóyá ẹ̀rọ lè ṣe ohun tí ìwé àti ọwọ́ kò lè ṣe níbẹ̀. Ní ti ìdá, èmi á sọ pé rárá: ẹ fún wọn ní pépà kí wọ́n ká a, kí wọ́n gé e, kí wọ́n gbé e léra wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bí irúgbìn ṣe ń hù ni, fóònù kan ṣoṣo tó. Ẹ gbin ẹ̀wà sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ọmọ kan máa ya fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ láti ojú ibì kan náà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ bá sáré ṣí àwọn fọ́tò náà tẹ̀ léra, àwọn ọmọ á rí i bí ọ̀mùnú ṣe ń yí orí sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ojú lásán ò lè rí ìyẹn, nítorí ó lọ́ra jù.

Gbígba ìràwọ̀ orí áàpù gbọ́

Èyí gan-an ló ń dùn mí jù, nítorí ó máa ń dà bí àṣeyọrí.

Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń ṣe áàpù ìṣirò. Ìbéèrè jáde: kí ni yóò kù tí a bá yọ 27 kúrò nínú 52? Ìdáhùn mẹ́rin wà nísàlẹ̀: 35, 79, 25, 34. Ọmọ tẹ 35. Ojú ẹ̀rọ pọ́n, ó gbọ̀n díẹ̀. Ó tẹ 79, ó tún pọ́n. Ó tẹ 25, ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé, orin dún, ìràwọ̀ já bọ́. Ìbéèrè mìíràn ti dé. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ, ọmọ náà ò sì ronú rárá. Ohun tó kọ́ ni pé bí òun bá ṣáà ti ń tẹ̀ ẹ́, ìràwọ̀ á jáde. Nírọ̀lẹ́, áàpù á jíṣẹ́ fún olùkọ́ pé ọmọ yìí ti parí iṣẹ́ àyọkúrò, ó sì gba ìràwọ̀ ogún.

Bẹ́ẹ̀, 35 tó kọ́kọ́ tẹ̀ yẹn ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Ọmọ tó bá mú 35 kò ṣèèṣì. Ó wo 2 àti 7, ó rí i pé 7 ò ṣeé yọ kúrò nínú 2, ló bá yí i padà, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó ní 5. Kò tíì yé e pé ó yẹ kó yá mẹ́wàá lára 50. Olùkọ́ tó rí 35 nínú ìwé iṣẹ́ àmúṣe á mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Áàpù tó kàn pọ́n tó sì gbọ̀n ti gbé ìròyìn náà jù nù.

Ẹ má tìtorí ìyẹn kó áàpù dànù. Ẹ yan èyí tí ọmọ á ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdáhùn síbẹ̀, kó má jẹ́ pé ó kàn ń yàn. Kí ìwé àti pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ọmọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ. Bí áàpù náà bá ń ṣàkọsílẹ̀ iye ìgbà tí ọmọ gbìyànjú kó tó rí ìdáhùn, ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ìràwọ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìtàn orí ẹ̀rọ. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí kó iṣẹ́ ìwádìí 39 jọ lórí àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́jọ. Wọ́n rí i pé tí ìwé pépà àti ti orí ẹ̀rọ bá jọra, ìtàn máa ń yé ọmọ dáadáa sí i lórí pépà. Ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n fi kún ti orí ẹ̀rọ bá jẹ mọ́ ìtàn náà gan-an, ti orí ẹ̀rọ lè borí. Kí ẹ tó fún wọn ní ìwé orí ẹ̀rọ kan, ẹ fọwọ́ kan gbogbo ohun tó bá ṣeé tẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìtàn bá ń sọ nípa ọmọ tó sọ nù, tí ológbò kan sì ń jó ní kọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ológbò ni ọmọ á máa tẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ kan náà ní gbogbo ìgbà

Níbi tí ọmọ mẹ́rin bá ti ń pín kọ̀ǹpútà kan, ẹ wo ẹni tó di máòsì mú. Ọmọ tí ẹ̀rọ wà nílé wọn ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà ni. Àwọn mẹ́ta yòókù ń wòran, olùkọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo kíláàsì lo kọ̀ǹpútà lónìí. Ẹ fi òfin kan dè é: ẹni tó di máòsì mú ò gbọdọ̀ pinnu nǹkan kan, àwọn tó kù ni kó sọ ohun tó máa tẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ìbéèrè kan bá ti parí, kí máòsì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Òdìkejì rẹ̀ náà kì í ṣe ire, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí ó ki íápíìsì bọ etí, kí kíláàsì pa lọ́lọ́. Àwọn àlejò fẹ́ràn kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ọmọ méjì sí ẹ̀rọ kan ló dára jù, nítorí wọ́n á jiyàn, inú àríyànjiyàn yẹn sì ni ìmọ̀ wà.

Gbígba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ álífábẹ́ẹ̀tì

Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí wọn ò tíì mọ̀wé kà fi ọwọ́ kọ lẹ́tà, kí wọ́n tún tẹ òmíràn lórí bọ́tìnnì, kí wọ́n sì fa ìlà tọ ojú ìlà àwọn lẹ́tà mìíràn. Wọ́n wá wo ọpọlọ wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń wo àwọn lẹ́tà náà. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ló ta àwọn ibi tí ènìyàn fi ń kàwé nínú ọpọlọ jí. Ìjọba Sweden náà ti ń rọra padà: lọ́dún 2023 wọ́n yọ owó sọ́tọ̀ fún ìwé títẹ̀, wọ́n sì pa èrò tì pé kí ẹ̀rọ di dandan fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí èyí gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di pẹ́ńsù mú, tàbí èyí tí ojú rẹ̀ ò ríran, tí ẹ̀rọ ń ka ìwé sí létí. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni pẹ́ńsù rẹ̀.

Kí ọmọ máa wòran láti òwúrọ̀ dalẹ́

Fídíò ogún ìṣẹ́jú nípa bí òjò ṣe ń rọ̀ lè dùn wò, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ kejì. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta hàn wọ́n, ẹ dá a dúró, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò tẹ̀ lé e kí ẹ tó máa bá a lọ. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn gan-an fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan. Ọmọ tó ń kọsẹ̀ nínú ìwé kíkà lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù bó ṣe ń ka ìpínrọ̀ kan, kó gbọ́ ọ, kó tún un kà. Òun fúnra rẹ̀ á gbọ́ ibi tó ti kọsẹ̀, kò ní nílò kí olùkọ́ dójú tì í lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ScratchJr, tó wà fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méje, àti Scratch tí Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2007 fún àwọn tó ti tó ọdún mẹ́jọ; ọmọ á máa to àṣẹ pọ̀ níbẹ̀ kí àwòrán ológbò kan lè máa rìn tàbí kó sọ̀rọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí gbogbo kíláàsì máa da ti olùkọ́ kọ títí tí ológbò gbogbo wọn á fi máa rìn bákan náà.

Orúkọ àti àwòrán ọmọ

Nígbà àrùn kòrónà, ìjọba lóríṣiríṣi sáré gba áàpù ẹ̀kọ́ wọlé. Lọ́dún 2022, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, sọ ohun tí wọ́n rí lórílẹ̀-èdè 49: nínú ọgọ́rùn-ún irú áàpù àti ìkànnì bẹ́ẹ̀, bí 89 ló ń gba ìsọfúnni ọmọ lọ́nà tó lè pa ọmọ lára tàbí tó tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Ẹ má fi orúkọ pípé forúkọ sílẹ̀, ìnagijẹ tó. Ẹ má parọ́ ọjọ́ orí fún ọmọ kó lè wọ ibi tí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 13. UNESCO náà dábàá ọdún 13 yìí lọ́dún 2023 fún lílo ẹ̀rọ tó ń kọ ìdáhùn fúnra rẹ̀, bíi ChatGPT, ní kíláàsì. Olùkọ́ lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ múra iṣẹ́ sílẹ̀, tó bá ti lè mọ ibi tó ti purọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò lè mọ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́

Ẹ̀kọ́ púpọ̀ kú nítorí ohun kékeré: kò sí iná, dátà tán, kò sẹ́ni tó rántí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní pípa. Kolibri àti Kiwix wà tí ẹ lè gba ẹ̀kọ́ àti ìwé sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí iṣẹ́ orí pépà kan náà sì wà nínú àpò yín, bóyá iná á lọ.

Èyí tó kẹ́yìn jẹ mọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Ẹni tó ta ẹ̀rọ á wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo fi bọ́tìnnì hàn wọ́n, á ya fọ́tò, á sì lọ. Kò sí ohun tó jọ ẹ̀kọ́ ìṣirò nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí olùkọ́ méjì máa wọ kíláàsì ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí àlejò má wo olùkọ́, kó jókòó ti ọmọ méjì, kó máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ "tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ yẹn kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.