Bí A Ṣe Ń Tọpa Ètò Ìlera Láti Abuja Dé Ilé Ìwòsàn Wọ́ọ̀dù ní Abẹ́òkúta

Òfin ìlera kì í dé wọ́ọ̀dù (ẹkùn kékeré nínú ìjọba ìbílẹ̀) bó ṣe kúrò lábẹ́ gègé ààrẹ. Ọwọ́ púpọ̀ ló ń gbà kọjá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan a sì yọ díẹ̀ kúrò tàbí kó fi díẹ̀ kún un. Akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn tàbí ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń ṣe é ní láti tọ àwọn ọwọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀ fún un.

Ẹ mú ìlérí kan ṣoṣo

“Ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ògùn” ti fẹ̀ jù. Ẹ mú ohun kan tí ìjọba ṣèlérí, tí èèyàn lè fojú rí bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Owó BHCPF (Basic Health Care Provision Fund) la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ló dá a sílẹ̀: ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpò rẹ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ìbéèrè wa wá di: aláìní tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ètò yìí ní wọ́ọ̀dù kan ní Abẹ́òkúta, ṣé ó ń gba ìtọ́jú láìsanwó? Bí kò bá rí i gbà, ibo ló ti há?

Ẹ kó ìwé jọ, kí ẹ fi ọ̀kan wé èkejì

Ìwé mẹ́rin ni ẹ nílò: òfin fúnra rẹ̀, ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń mú un ṣẹ, bọ́jẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìròyìn ìnáwó, àti àwọn lẹ́tà àṣẹ tí ọ́fíìsì kan ń kọ sí èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn a ka òfin tán, wọn a ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó: òfin 2014 pín owó náà báyìí: ìdá 50 fún adójútòfò ìlera, 20 fún oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 fún ilé àti irinṣẹ́, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún pàjáwìrì. Ìwé ìlànà ti 2020 pín in sí 48.75 fún adójútòfò, 45 fún àjọ ìlera alábọ́dé (èyí tó ń bójú tó ìtọ́jú ìpìlẹ̀), 5 fún pàjáwìrì, 1.25 fún NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹni tó bá di òfin nìkan mú á máa wá ìdá 20 ti oògùn kiri, kò ní rí i, á sì pariwo olè. Wọn ò jí i: 20, 15 àti 10 ni wọ́n pa pọ̀ di 45. Ìdá 1.25 ti NCDC gan-an ló yẹ kí ẹ béèrè ibi tó ti wá. Ẹ máa wo ọdún tó wà lára ìwé ìlànà kí ẹ tó lò ó, nítorí wọ́n ń tún un kọ.

Ẹ to ọdún sílẹ̀

Ilé aṣòfin ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí àbádòfin yìí ní 2011, ààrẹ kò buwọ́ lù ú. Wọ́n tún un gbé wá, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì buwọ́ lù ú ní October 31, 2014. Ọdún 2018 ni owó náà tó wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan bíi bílíọ̀nù ₦55. Ọdún 2019 ni pínpín rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí nǹkan bá ti dúró pẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́. Gill Walt àti Lucy Gilson, àwọn olùwádìí ètò ìlera, fi ọ̀nà kan lélẹ̀ ní 1994 tó wúlò síbẹ̀: kí ló wà nínú ètò náà, àwọn wo ló lọ́wọ́ sí i, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà ṣe é, irú àsìkò wo ló jẹ́? Bí ẹ bá bi ara yín ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípa 2011 sí 2014, ẹ ó kan awuyewuye dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù lórí ẹni tí yóò ṣe olórí. Ìyẹn kò sí nínú òfin, àmọ́ ó wà lára ohun tó dá òfin dúró.

Ẹ mọ ẹni tó ni kí ni

Abẹ́òkúta máa ń rú èèyàn lójú níbí. Abuja ló ni FMC (Federal Medical Centre) Ìdí-Abà àti ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró. Ìpínlẹ̀ ló ni State Hospital ní Ìjàyè. Ìjọ Àgùdà ló dá Sacred Heart, Láńtòrò, sílẹ̀ ní 1895. Ẹni tó bá ka àléébù Ìdí-Abà sí gómìnà lọ́rùn ti ṣìnà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n àtìgbà tí ètò pé kí gbogbo ìlera alábọ́dé wà lábẹ́ òrùlé kan ti jáde ní 2011, bọ́ọ̀dù ìlera alábọ́dé ti ìpínlẹ̀ ló yẹ kó máa darí wọn. Ẹ ya ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sórí páálí. Ẹ kọ ohun méjì sí i lábẹ́: ohun tó lè fọwọ́ sí, àti ohun tó lè dá dúró. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ẹ tẹ̀lé owó

Nínú ìròyìn ìnáwó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ìpínlẹ̀ ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n fọwọ́ sí kọ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, iye tí wọ́n ná gan-an ni. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀: láti inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù ti ń wá, kì í ṣe láti ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mósàn, ibi tí ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wà. Bí ẹ bá ń wọn ìpínlẹ̀ mọ́ ìdá 15 tí àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí rẹ̀ ní Abuja ní 2001, ẹ sọ èyí tí ẹ kà àti èyí tí ẹ kò kà.

Owó BHCPF ti ilé ìwòsàn máa ń gba àkáǹtì bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ kọjá sí àkáǹtì ilé ìwòsàn. Níbẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi ₦300,000 ni fún oṣù mẹ́ta. Ẹ béèrè ọjọ́ méjì: ọjọ́ tó wọ ọwọ́ bọ́ọ̀dù, àti ọjọ́ tó wọ ọwọ́ ilé ìwòsàn. Ọjọ́ méjì yìí ló ń fi ibi tí owó ti sùn hàn.

Ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́

Ẹni tó bá fẹ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ tàbí wo rẹ́jísítà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera ṣáájú. Fún ìwé owó, ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn ti 2011: ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti dáhùn, ó sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ ní 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ẹ má kọ “gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera”. Ẹ dárúkọ ìwé náà, oṣù rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé ọjọ́ 7 ti ń kà.

Ẹ jókòó sí ilé ìwòsàn

Ẹ lọ ní ọjọ́ tí àwọn aláboyún ń wá àti ọjọ́ tí kò sí èrò. Ẹ mú ohun márùn-ún: oògùn ibà ACT, ohun èlò àyẹ̀wò ibà, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru), amoxicillin (oògùn apakòkòrò) àti oxytocin (abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ìyá tó bímọ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ya; inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà). Ẹ ka èyí tó wà lórí pẹpẹ, kí ẹ fi wé káàdì wọlé-jáde oògùn. Bí káàdì bá ní 40, tí pẹpẹ ní 12, ẹ fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ti pín in fáwọn aláìsàn láìráyè kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní ibà nínú rẹ́jísítà oṣù kan, kí ẹ fi wé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní oṣù náà. Ìwọ̀nyí kì í sábà bára mu, ìdí rẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ wá.

Ènìyàn 12 sí 20 tó láti bá sọ̀rọ̀, látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ Òkè-Mósàn títí dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ètò yìí ń ṣiṣẹ́?” “Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa” ni ẹnikẹ́ni á sọ fún àlejò tó mú bírò lọ́wọ́. Ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà tí oògùn ibà tán kẹ́yìn, kí lẹ ṣe fún ẹni tó jókòó síwájú yín?” Ọ̀kan lè ní òun ní kí aláìsàn lọ rà á ní kẹ́mísì, òmíràn lè ní òun fowó ara òun rà á wá, òun sì ń tà á. Ọ̀fẹ́ ti di títà nìyẹn, láìsí ẹni tó yí òfin padà. Ẹ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn géètì, kì í ṣe níwájú mátíróọ̀nù.

Ẹ kọ ọ́

Ẹ fa ìlà mẹ́ta: ohun tí ìwé sọ, ohun tí owó ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan tí wọn ò ti bára mu, ẹ kọ ìdí rẹ̀: wọn ò gbọ́, owó ò dé, agbára ò ká a, tàbí wọn ò fẹ́. Ẹ̀ka kẹrin yẹn ló máa ń yá àwọn olùwádìí lẹ́nu jù, òun náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣòro rí jù, nítorí náà ẹ fi í sẹ́yìn.

Ní ti orúkọ, yíyọ ọ́ kúrò nìkan kò tó. Ilé ìwòsàn BHCPF kì í pọ̀ ní wọ́ọ̀dù kan. Bí ẹ bá kọ “nọ́ọ̀sì àgbà kan ní wọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ Òkúta Olúmọ”, gbogbo ará ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ “òṣìṣẹ́ ìlera kan ní Abẹ́òkúta”, kí ẹ sì yọ wọ́ọ̀dù, ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ àti oyè rẹ̀ kúrò.